Iṣẹ́ Tí Kò Dé Inú CV

Gbólóhùn kan wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ ní Nàìjíríà. Òkè CV ló máa ń wà, lábẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù. Ó ní ẹni tó kọ ìwé náà ń wá iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó gún régé, níbi tí yóò ti lo ìmọ̀ àti ẹ̀bùn rẹ̀ fún ìlọsíwájú ilé-iṣẹ́ àti ti ara rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe olùkọ́ ní Ìsẹ́yìn kọ ọ́, ẹni tó fẹ́ máa ṣírò owó ní Ìbàdàn kọ ọ́, ẹni tó fẹ́ tọ́jú adìyẹ ní Ṣakí náà kọ ọ́. Bí a bá gé orúkọ kúrò lórí ìwé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyá tó bí wọn kò ní mọ èwo ni ti ọmọ òun.

Ní Òkèhò, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Kájọlà, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe CV, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí wọ́n ti ń yẹ èsì WAEC wò. Bí ó ṣe ń rí káàkiri Nàìjíríà náà ni: oníṣọ́ọ̀bù á ṣí CV ẹni tó wá ṣáájú, á pa orúkọ rẹ́, á fi orúkọ tuntun sí i, á yí ọjọ́ ìbí àti ilé-ìwé padà, á tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Ìwé yẹn ló wá ń lọ síwájú ẹni tí yóò pinnu bóyá ọmọ náà yóò jẹun tàbí kò ní jẹun.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Òkèhò ju bó ti kan ọmọ Ìkẹjà lọ. Ọmọ Ìkẹjà lè wọ ọkọ̀ láàárọ̀, kó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mẹ́ta, kó rí ọ̀gá kan bá sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ẹni tó bá gbéra ní Òkèhò yóò kọ́kọ́ dé Ìsẹ́yìn, yóò gba ọ̀nà Mọ́níyà, tí òun nìkan tó kìlómítà 65, kó tó wọ Ìbàdàn, kó tó wá ọkọ̀ Sẹkitéríàtì ní Agodi. Ẹni tí kò níṣẹ́ kò lè máa san irú owó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé ló ń rin ìrìn náà ní ipò rẹ̀. Ohun tí ìwé náà kò bá sọ, kò sí ẹni tí yóò bá a sọ ọ́.

Kì í ṣe òní ni àwa Yorùbá ti ń fi owó gbé ìwé fún ẹlòmíràn kọ. Láyé àmúnisìn, ẹni tí kò mọ̀wé, tó ní ẹjọ́ tàbí ẹ̀bẹ̀ láti gbé lọ bá Àjẹ́lẹ̀, yóò lọ bá akọ̀wé tó ń kọ lẹ́tà fún ará ìlú. Ìjọba ṣe òfin lé wọn lórí láti dáàbò bo aláìmọ̀wé. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ara rẹ̀ sínú lẹ́tà náà, ohun tó sì ń fi ìyẹn jẹ́rìí sí ni pé ohun tí oní-lẹ́tà sọ gan-an lòun kọ, àti pé òun kà á fún un, òun sì túmọ̀ rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka. Akọ̀wé ayé ìgbà yẹn ní láti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni kó tó gbé kálàmù. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà òde òní kì í béèrè ju orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ilé-ìwé lọ, ọmọ tó jáde yunifásítì náà kì í sì í sọ ju ìyẹn lọ. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti oníṣọ́ọ̀bù nìkan.

Bẹ́ẹ̀, ìdíje tí ìwé náà ń bá pàdé kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, Iléeṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n Nàìjíríà pe àwọn tó ń wáṣẹ́ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè láti wá ṣe ìdánwò. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000, ₦1,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san, àyè iṣẹ́ tó wà kò sì ju nǹkan bí 4,500 lọ. Èrò tẹ èrò mọ́lẹ̀ ní Àbújá, ní Minna, ní Port Harcourt àti ní ìlú Benin. Ó kéré tán, èèyàn 15 ló kú, aláboyún sì wà nínú wọn. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Dangote ń wá 100 ọmọ yunifásítì tí yóò wa ọkọ̀ àjàgbé, ìwé tó wọlé tó 13,000. Ọ̀mọ̀wé, àwọn tó gba oyè PhD, mẹ́fà wà lára àwọn tó kọ̀wé.

Ta ló máa ń ka 13,000 ìwé tán? Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn wáṣẹ́, TheLadders, lo ẹ̀rọ tó ń tẹ̀lé ojú àwọn agbanisíṣẹ́ bí wọ́n ti ń wo ìwé. Ní ọdún 2012, wọ́n rí i pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà péré ni ojú máa ń lò lórí CV kan nígbà àkọ́kọ́ kó tó pinnu. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2018, ó di 7.4. Orúkọ iṣẹ́, ibi tí a ti ṣe é, ọdún tí a bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tí a parí ni ojú ń wá. Ẹni tó bá fi gbólóhùn àfarawé sí òkè ìwé ti ná ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà rẹ̀ sórí ohun tí kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Kí ló wá yẹ kó wà níbẹ̀? Ohun tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dun ni jù, nítorí iṣẹ́ kún ọwọ́ àwọn ọmọ Òkè-Ògùn, agbègbè tí Òkèhò wà. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan bí àpẹẹrẹ, tó gba OND nínú ìmọ̀ ìṣirò owó ní Póli Òkè-Ògùn, Ṣakí, tó sì fi ọdún méjì jókòó ti POS fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òkèhò. Inú CV rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni ọdún méjì náà gbà: ó tọ́jú POS, ó tán. Ó tilẹ̀ fẹ́ yọ ọ́ kúrò, nítorí ó rò pé iṣẹ́ ọ́fíìsì nìkan ni iṣẹ́. Ṣùgbọ́n báńkì kékeré tó fẹ́ gba akáwó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ń bọ̀ lè ka owó láìṣì í kà, bóyá ó lè fara da oníbàárà tó ń bínú, bóyá owó lè sùn sí i lọ́wọ́ kó má dín. Gbogbo rẹ̀ ló ti ṣe. Kó kọ ọ́ báyìí: «Mo bójú tó ibùdó POS kan ní Òkèhò fún ọdún méjì. Mo ń dá nǹkan bí oníbàárà 40 lóhùn lójúmọ́. Alaalẹ́ ni mo ń ṣe ìṣirò owó, tí mò ń fi owó ọwọ́ wé owó inú àpò báńkì. Mo ní ìwé kan tí mò ń kọ gbogbo owó tó bá há sí, mo sì ń lépa rẹ̀ títí yóò fi padà sọ́wọ́ oníbàárà. Mo kọ́ ọmọbìnrin kan ní iṣẹ́ náà kí n tó kúrò.» Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Iye ló wà níbẹ̀, àti ìṣe. Bí iye rẹ̀ bá jẹ́ 15 lójúmọ́, kó kọ 15. Nọ́ńbà kékeré tó jẹ́ òótọ́ sàn ju «ọ̀pọ̀lọpọ̀» lọ.

Ti oko tún wá ńkọ́? Òkè-Ògùn ló ń bọ́ apá tó pọ̀ nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, iṣu, kajú, òrí. Tábà gbilẹ̀ níbí pẹ̀lú, tí ilé-iṣẹ́ sìgá ń ra ewé rẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn láti ayé Nigerian Tobacco Company (NTC), kí British American Tobacco tó gba ipò rẹ̀. Ọmọ tó dàgbà nídìí tábà mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná gbẹ ewé láìjẹ́ kó jóná, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣa ewé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nípa àwọ̀ àti bó ti dára sí kí oníbàárà tó wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ yíyẹ ọjà wò nìyẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ sì ń san owó lé e lórí. Ẹni tó bá ṣe oko àgbàdo pẹ̀lú bàbá rẹ̀ mọ iye éékà tí wọ́n dá, iye àpò tó jáde, irúgbìn tí wọ́n yí padà àti ìdí rẹ̀, iye tí wọ́n ná sórí ajílẹ̀, ẹni tí wọ́n tà á fún. Ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ tó ń wá ẹni tí yóò máa ra àgbàdo lọ́wọ́ àgbẹ̀ kò lè rí ẹni tó dára ju ọmọ yìí lọ. Síbẹ̀, ohun tí CV rẹ̀ sọ ni pé ó fẹ́ràn kíkàwé, ìrìn-àjò àti wíwo bọ́ọ̀lù.

Bákan náà ni ti akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ti alágbàṣe tó ti darí àwọn birikìlà mẹ́fà, ti ẹni tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ ọdún mẹ́ta tó sì gba fírídọ́ọ̀mù. Ẹni tó ń kó owó àjọ ogún èèyàn tí kò sì sí ẹni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ohun tó ní láti kọ sílẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ. Kó kọ ọ́.

Fún àwọn tó lọ póli tàbí yunifásítì, ibì kan wà tí ohun èlò CV ti wà ní ṣíṣe tán, tí wọn kì í padà sí: lógbúùkù IT. Ọdún 1973 ni ìjọba dá ètò SIWES, tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, sílẹ̀ lábẹ́ ITF, ọdún kan náà tí NYSC bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ fún IT gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tó ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé náà, kí ọ̀gá ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í gba máàkì, tí wọ́n á sọ ọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n gbé e jáde. Ọmọ LAUTECH tó ṣe IT ní oko tàbí ní IITA ní Ìbàdàn yóò rí i níbẹ̀ pé òun wọn iyẹ̀pẹ̀, òun ka irúgbìn tó hù, òun kọ èsì sórí kọ̀ǹpútà. Agùnbánirọ̀ tó kúrò ní àgọ́ NYSC ní Ìsẹ́yìn, tí wọ́n gbé lọ sí ilé-ìwé kan ní Ìlérò tàbí Ayétòrò-Òkè, kò gbọ́dọ̀ kọ «mo sin ilẹ̀ baba mi» kó sì dákẹ́. Kíláàsì mélòó ló kọ́? Iṣẹ́ wo? Ọmọ mélòó ló wà níbẹ̀? Kí ló bá níbẹ̀, kí ló fi sílẹ̀?

Ohun kejì ni pé CV kan kò lè bá gbogbo iṣẹ́ mu. Ní nǹkan bí ọdún 1482, Leonardo da Vinci, tí ayé mọ̀ sí ayàwòrán, kọ lẹ́tà láti wáṣẹ́ lọ́dọ̀ Ludovico Sforza, alákòóso Milan ní ilẹ̀ Ítálì. Ogun ló wà lọ́kàn Sforza. Leonardo ka ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́sẹẹsẹ: afárá fúyẹ́ tí ọmọ ogun lè gbé kiri, bí wọ́n ṣe ń fa omi kúrò nínú yàrà tó yí odi ká, àgbá, ọkọ̀ ogun tí a bò. Ìparí lẹ́tà ló tó mẹ́nu ba àwòrán yíyà. Ó mọ ohun tí ẹni tó ń kọ̀wé sí ń wá, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Ọmọ Òkèhò tó ń kọ̀wé sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, tó sì ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ ní ìrọ̀lẹ́, yẹ kó ka ìpolówó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kó fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n béèrè, kó sì gbé ìrírí tó bá a mu sókè. Iṣẹ́ tó ṣe gbẹ̀yìn ló yẹ kó ṣáájú, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò pọn dandan mọ́ fún ẹni tó ti gba HND, ojú ewé méjì sì tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí: ṣé kí wọ́n wà níbẹ̀ tàbí kí wọ́n má wà? Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ibi tí ìwé ń lọ. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 ló ní kí wọ́n pín iṣẹ́ yí ìpínlẹ̀ ká, àjọ kan sì wà láti ọdún 1996 tó ń mójú tó o. Níbẹ̀, Kájọlà gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé, ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kò nílò ìyẹn, àfi bí wọ́n bá béèrè. Ọ̀pọ̀ ìpolówó wọn máa ń béèrè ọjọ́ orí, ó sì yẹ kí èèyàn dáhùn ohun tí wọ́n béèrè. Ẹ̀sìn kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Ní ti àwọn tó ń kọ̀wé sí Bìrìtìkó, kí wọ́n yọ fọ́tò, ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn àti ìgbéyàwó kúrò pátápátá. Òfin Ìdọ́gba ọdún 2010 kò fàyè gba kí wọ́n fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yan èèyàn. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ṣì ń lẹ fọ́tò mọ́ ọn.

Òótọ́ kan tó korò wà níbẹ̀ tí kò yẹ ká fi pamọ́ fún ọmọ wa tó fẹ́ ré òkun kọjá. Láàárín 2016 sí 2017, àwọn olùwádìí ní Nuffield College, ní Oxford, fi ìwé ìwáṣẹ́ tí ìmọ̀ àti ìrírí inú wọn dọ́gba ránṣẹ́ fún iṣẹ́ bí 3,200 ní Bìrìtìkó. Orúkọ àti ìran nìkan ló yàtọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà ni ní láti fi ìwé 18 ránṣẹ́ kó tó rí èsì tí òyìnbó ń rí fún mẹ́wàá. Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ Adébáyọ̀ di Bayo, tí wọ́n sì ń wá orúkọ òyìnbó lẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ tí bàbá ẹni sọ ẹni kì í ṣe àṣìṣe tí a ń tún ṣe. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni ni kí ìwé náà lágbára, kí á má sì jẹ́ kí ìwé mẹ́wàá tí kò rí èsì mú kí á jókòó.

Irọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé láìparọ́, CV kò lè dùn. Àwọn mìíràn ń lọ ra sábúkéètì Olúwọlé, ìyẹn ayédèrú, wọ́n ń dín ọjọ́ orí kù kí wọ́n lè bọ́ sábẹ́ ọdún 26 tí ìpolówó béèrè. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1999, Salisu Buhari di Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin. Ó ní òun jáde ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, ó sì ní ọdún 1963 ni wọ́n bí òun. Ìwé ìròyìn TheNEWS tú àṣírí rẹ̀ pé kò jáde níbẹ̀, àti pé ọdún 1970 ni wọ́n bí i. Òwe ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a; ti Salisu kò pé oṣù méjì. Nínú oṣù Keje ọdún náà, ó jẹ́wọ́, ó sì fipò sílẹ̀. Nígbà yẹn, oníròyìn ní láti wá òótọ́ dé Kánádà. Lónìí, ẹni tó gbani síṣẹ́ lè fi káàdì kékeré kan yẹ èsì WAEC wò lórí fóònù.

Ọ̀pọ̀ ìwé kò tilẹ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ èèyàn mọ́. Ní ọdún 2009, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, dá Jobberman sílẹ̀, tó di ọ̀kan nínú ojú òpó ìwáṣẹ́ tó tóbi jù ní Nàìjíríà. Nínú ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ ka ìwé, ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìpolówó ló sì ń wá. Bí ìpolówó bá béèrè Excel, tí èèyàn sì mọ̀ ọ́n, kó kọ Excel gan-an. «Mo mọ kọ̀ǹpútà» kò tó. Àwọn àpótí, ìlà aláràbarà àti àwòrán tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà fẹ́ràn láti fi ṣe ìwé lọ́ṣọ̀ọ́ máa ń da ojú ẹ̀rọ náà rú. Ìwé gbalasa, lẹ́tà dúdú lórí funfun, ló dára jù. Kí orúkọ fáìlì jẹ́ orúkọ ẹni, kí àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì má sì jẹ́ orúkọ ìnagijẹ. Kí nọ́ńbà fóònù jẹ́ èyí tó máa ń wọlé ní Òkèhò. Kí á kọ méjì bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan kò bá ṣe é gbọ́kàn lé.

Nǹkan kan tún wà tó lè kó báni. Kò sí ìdí tí NIN, BVN tàbí nọ́ńbà àpò báńkì fi yẹ kó wà nínú CV. Àwọn gbájúẹ̀ ń gba CV jọ, wọ́n sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe èèyàn wá fún ìntáfíù ní ibi tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí wọ́n bá ní kí á san owó kí iṣẹ́ tó dé, kí á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Lẹ́tà tó máa ń tẹ̀lé CV kò nílò àlàyé púpọ̀, nítorí gbogbo ẹni tó jókòó ṣe WAEC ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́: iṣẹ́ wo ni mò ń wá, kí ni mo ti ṣe tó jọ ọ́, ìgbà wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀. Ìpínrọ̀ mẹ́ta tó. Ní ti àwọn tí yóò jẹ́rìí sí ìwà ẹni, orúkọ Ọnárébù tí kò mọ ojú ẹni kò wúlò. Ọ̀gá ibi IT tàbí olórí ilé-ìwé tí a ti ṣe agùnbánirọ̀ sàn jù, bí a bá ti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn olùkọ́ SS3 ní Kájọlà lè jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ CV àkọ́kọ́ rẹ̀ ní kíláàsì, lórí bébà lásán, kó tó gba ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé jáde. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lè fi ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n ń bi oníbàárà: kí lo ti ṣe? Ẹ̀yin ọmọ Òkèhò tí ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Àbújá àti lókè òkun, ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń wá. Bí ẹ bá wálé fún Iléyá tàbí Kérésì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀, kí ẹ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ń wáṣẹ́ jókòó, kí ẹ bi í ní gbogbo ohun tó ti fọwọ́ ṣe láti ìgbà tó jáde ilé-ìwé, kí ẹ sì bá a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye àti ọdún.